LibriVox: ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé sí etí ẹlòmíràn

Bí ẹ bá ní ohùn tó já gaara, tí ẹ ní sùúrù, tí ó sì wù yín láti máa kàwé fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ fúnra wọn, LibriVox, ibùdó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ti ń ka ìwé sílẹ̀ lóhùn, ni ibi tí màá ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tó máa fi ohùn yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "kọ́kọ́ lọ" ni mo wí o, n kò ní kí ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ibẹ̀ kò lè bá wa ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ló sì jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lógún jù.

Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Èdè Yorùbá àti lítíréṣọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ilé kejì sí tiwa, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ríran láti kékeré. Mọ́mì Tíṣà ló ń pè mí. Ó mọ Braille kà, ìka rẹ̀ sì yá lórí rẹ̀, àmọ́ ìwé Braille ò pọ̀ nílẹ̀, èyí tó bá sì wà tóbi, ó wúwo. Ìwé kan ṣoṣo tí àwa máa ń ti bọ àpò lè di ìdìpọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin bí wọ́n bá sọ ọ́ di Braille. Ìyá rẹ̀ ló ń ka nóòtì fún un lálẹ́. Ata ni ìyá náà ń tà ní ọjà Bódìjà, àárẹ̀ á ti mú un kó tó délé, oorun á sì máa gbé e lọ láàárín gbólóhùn. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé mi. Ọmọ á ní, "Mọ́mì, ẹ ti fo ibì kan." Ìyá á ní òun ò fo nǹkan kan. Ọmọ á wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e, torí ó ti mọ̀ pé nǹkan ò so pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi wá sídìí iṣẹ́ yìí.

Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń wá ọgbọ́n sí i. Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Talking Books nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ojú wọn fọ́, títí kan àwọn ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní gba ojú lọ́wọ́ wọn. Inú àwo giramafóònù ni wọ́n ń kà á sí, ojú kan àwo náà kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ, ẹni tó ń gbọ́ ìwé á wá máa yí àwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 1948, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anne T. Macdonald kó àwọn olùyọ̀ǹda ara jọ ní ilé-ìkàwé gbogbogbòò New York, wọ́n ń ka ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n sì fẹ́ lọ sí yunifásítì. Ẹgbẹ́ yẹn ló ń jẹ́ Learning Ally lónìí, àwọn tó ní dyslexia, ìyẹn àwọn tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, náà sì ti wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ẹ̀kọ́ ni Macdonald fi bẹ̀rẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

LibriVox ní tiẹ̀, Hugh McGuire, ará Montreal ní Kánádà, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò le: kí èèyàn bíi tèmi bíi tìrẹ máa ka àwọn ìwé tí ẹ̀tọ́ àdàkọ ti kúrò lórí wọn, kí wọ́n sì fi ohùn náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ìwé tó wà níbẹ̀ báyìí ti ju 18,000 lọ, ní èdè oríṣiríṣi. Internet Archive, ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń kó àwọn fáìlì sí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń kà, láti Project Gutenberg, ibi tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni a ti ń mú wọn. Kò sí ìpolówó ọjà kankan tó máa dá ẹni tó ń gbọ́ ìwé dúró, kò sì sí òǹkàwé tó ń gbowó.

Wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ríran nìkan, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún wọn gan-an nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ohùn, ẹni tó bá fẹ́ yá ìwé gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ dókítà tàbí olùkọ́ tó lè jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni kò lè ka ìwé títẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, n kò bá wọn wí. Àmọ́ ní àdúgbò wa níbí, ta ni yóò kọ lẹ́tà dyslexia fún ọmọ? Ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, olódo ni wọ́n ń pè é, ẹgba ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo mọ irú wọn dáadáa láti kíláàsì. Ẹ bi í léèrè lẹ́nu, á dáhùn bí àgbà. Ẹ ní kó dìde kàwé, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣí LibriVox lórí fóònù bàbá rẹ̀ kó sì gbọ́ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà tí rọpárọsẹ̀ mú ní ọwọ́ ọ̀tún tí kò lè ṣí ojú ìwé mọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tí glaucoma ti ń bò lójú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gba òǹkàwé wọlé nìyí. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ (orúkọ tó bá wù yín ni, wọ́n á gba orúkọ àdápè náà), ẹ ó ka nǹkan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ fún ni ẹ̀rù ìṣẹ́jú kan yẹn ń bà, wọ́n rò pé ìdíje ohùn ni. Rárá o. Ẹ̀rọ yín ni wọ́n ń dán wò. Ṣé ohùn náà kò lọlẹ̀ jù, ṣé ariwo kankan ò sí lábẹ́ rẹ̀, ṣé MP3 oní-128 kbps ni fáìlì náà, ní 44.1 kHz, mono. Wọ́n fẹ́ kí ohùn náà wà ní bíi 89 dB kí olùgbọ́ má baà máa gbé ohùn fóònù sókè sódò láti orí kan sí èkejì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà yìí dáyà fo yín: Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń gé e, ló ń bá yín ṣe gbogbo rẹ̀, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Checker sì wà tó máa sọ fún yín bóyá fáìlì yín ti pé. Èsì tí mo gbà sọ pé nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ohùn mi. Fíríìjì ni. Ẹni tó kọ èsì náà ṣàlàyé ìgbésẹ̀ tí màá gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa ní, ó sì kí mi káàbọ̀ kí n tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó mú iṣẹ́. Ìwé kan wà tí èèyàn púpọ̀ ń pín kà, kálukú á mú orí kan tàbí méjì. Ìwé kan wà tí èèyàn kan ṣoṣo ń kà tán. Eré onítàn náà wà, tí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá ìtàn kan. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewì ọ̀sẹ̀. Ewì kúkúrú kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, ẹni tó bá wù á sì kà á, gbogbo ohùn náà á wà papọ̀. Ẹ ó gbọ́ bí ará Íńdíà ṣe kà á, bí ará Jámánì ṣe kà á, ẹ ó sì gbọ́ tiyín láàárín wọn. Ẹni tó bá sáré gba ìwé ńlá kan fún ara rẹ̀ nìkan lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ìwé náà á sú u, àwọn tó ń retí rẹ̀ á sì dúró tì.

Nǹkan kan wà nínú ètò wọn tó dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo fáìlì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí òǹkàwé sọ pé ti LibriVox ni, kó sọ pé ti gbogbo ayé ni, kó dárúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, àti orí tó fẹ́ kà. Ní ìparí, á sọ pé orí náà ti parí, á sì fi bí ìṣẹ́jú àáyá 5 sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ ní orúkọ ìwé, nọ́ńbà orí, àti orúkọ òǹkọ̀wé nínú. Ẹni tó ń ríran lè rò pé àṣejù ni. Ẹni tí kò rí ojú fóònù, ohun tí a bá sọ sí i létí nìkan ló fi ń mọ ibi tó wà. Mo ti dé ibì kan rí tí àwọn èèyàn dáadáa ti kàwé sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, n kò ní dárúkọ wọn. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú flash kan. Fáìlì kan ń jẹ́ "Voice 003", èkejì ń jẹ́ "Voice 003 new", kò sì sí ẹni tó lè sọ èwo ni orí kejì. Ọmọ á gbọ́ ọ títí kó tó mọ̀ pé bàọ́lọ́jì lòun ń gbọ́, pé kì í ṣe gọ́fúmẹ́ǹtì. Wákàtí àti ohùn tí àwọn yẹn fi sílẹ̀ ń dùn mí títí di òní, torí ohun tí ó kù kò ju kí wọ́n dárúkọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yàrá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Nínú ariwo Ìbàdàn yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ariwo Ìbàdàn yìí. Òru ni mo ń kà, lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, kí àwọn àkùkọ tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Inú wọ́dúróòbù ni mo gbé makirofóònù sí, láàárín aṣọ òkè àti àgbádá ọkọ mi. Aṣọ tó nípọn ló ń gbé ìró mì kó má baà ta padà láti ara ògiri. Kò sí ohun tí ẹ máa rà tó dára ju aṣọ òkè méjì tí ẹ gbé kọ́ sẹ́yìn orí yín. Mo á pa fáànù. Mo á yọ fíríìjì. Mo á fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dún gììrìrì wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù. N kì í ka ìwé láti orí bébà, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ni, nítorí bí a ṣe ń ṣí bébà, etí makirofóònù ló ń ṣí i sí. Omi á wà nítòsí, torí ẹnu tó bá gbẹ máa ń ta pàkàpàkà, ẹ kò ní gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń kà, àmọ́ olùgbọ́ tó ti fi ìpè etí sétí ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn. Òógùn á máa bọ́ o, n kò ní purọ́ fún yín. Oṣù kẹta nínú wọ́dúróòbù kì í ṣe eré.

Makirofóònù oní-USB ni kí ẹ lò bí agbára bá ká a. Samson Q2U ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé níbẹ̀ ń lò, òun náà ni mo ní. Ẹ má kọjú sí i tààrà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, bí ìka mẹ́rin sí mẹ́fà síta, kí èémí tó ń jáde bí ẹ bá pe p tàbí b má baà fẹ́ lù ú. Bí mo bá ṣi nǹkan kà, n kì í dá ẹ̀rọ dúró. Mo á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, mo á sì tún un kà. Nígbà tí mo bá wá ṣí i nínú Audacity lọ́jọ́ kejì, àtẹ́wọ́ yẹn á ti yọ gọnbọ bí òpó iná láàárín oko ẹ̀gẹ́, mi ò ní láti máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó mọ ibi tí màá gé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí Audacity lè mọ bí ariwo yàrá ṣe rí kó sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ má lò ó jù. Bí ẹ bá yọ ariwo jù, ẹ ó yọ ẹ̀mí ohùn mọ́ ọn, ohùn yín á máa gbọ̀n létí olùgbọ́.

Ní ti dátà, wákàtí kan ohùn ní 128 kbps tó bíi 58 MB. Orí ìwé kan tó gba ogún ìṣẹ́jú kò tó 20 MB. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó máa jẹ yín lówó gọbọi. Ohun tó ń jẹun ni àkókò: wákàtí kan tí olùgbọ́ máa gbọ́, ẹ ó lo ìlọ́po rẹ̀ láti kà, láti gé, láti tún gbọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀: ibí yìí, ẹ ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, ibí yìí, ilẹ̀kùn kan dún. Ẹ ó tún ibẹ̀ ṣe. Òfin tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ohùn yín lẹ́jọ́, àyàfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá béèrè. Kò lè sọ pé ẹ yára jù tàbí pé ohùn Nàìjíríà ń hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì yín. Mo mọ àwọn èèyàn wa tí ẹnu wọn dùn bí wọ́n bá ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ní àwọn ò lè kà á fún ayé nítorí "accent". Ẹ dákun, ẹ gbé ìyẹn jù nù. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, ohùn tó jọ ti olùkọ́ rẹ̀ ló ń yé e jù. Mo ti rí i: ọmọ aládùúgbò mi á gbọ́ òǹkàwé ará Amẹ́ríkà kan, á dá a dúró, á dá a padà, ó gbọ́ tèmi, kò dá a dúró.

Òun náà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìlànà kankan. Mo ka ìtàn kan, mo fi gbogbo ara kà á. Àgbà ní ohùn àgbà, ọmọdé ní ohùn ọmọdé, ìyá ọkọ ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo fún un kó gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú kí ó máa sáré ní ìlọ́po méjì, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ríran ṣe ń gbọ́ nǹkan, torí etí wọn ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ọnà tí mo fi sí i di wúruwùru. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì Tíṣà, ẹ má ṣeré jù. Ẹ ṣáà kà á kó já gaara, èmi náà á ṣe ìyókù nínú orí mi." Láti ìgbà náà, mo ń ka ọ̀rọ̀ ketekete, mo ń jẹ́ kí ìparí gbólóhùn balẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ìsinmi wà láàárín ìpínrọ̀. Ohùn imú ìyá ọkọ ti lọ.

Wàyí o, ibi tí LibriVox kò lè débẹ̀.

Ìwé tí wọ́n lè kà níbẹ̀ ni èyí tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti tán ní Amẹ́ríkà. Fún ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde láyé àtijọ́, ọdún 95 láti ìgbà títẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà kà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wo òfin tiwa náà, tí ó ka ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, wọ inú àlà yẹn nílùú méjèèjì. Àmọ́ ẹ wo Fágúnwà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1963. Ẹ fi 95 lé 1938, ẹ fi 70 lé 1963: ìparí 2033 ni méjèèjì bọ́ sí. Bí òfin bá wà bó ṣe wà, oṣù kìn-ín-ní 2034 ni a tó lè ka ìwé náà sí LibriVox. Ọmọ tó wà ní SS1 lónìí á ti jáde yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò WAEC, àti ìwé ìṣirò, bàọ́lọ́jì, ìtàn ìjọba tí àwọn ọmọ ń lò, a kò lè kà wọ́n síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. MP3 lásán ni fáìlì LibriVox, orí-orí ni wọ́n pín in sí. Fún ìtàn, ìyẹn tó. Fún ìwé ẹ̀kọ́, kò tó. Nígbà tí olùkọ́ bá ní "ẹ ṣí ojú ìwé 47", ọmọ tí kò ríran nílò ìwé tó lè fò tààrà dé ojú ìwé 47. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ìlànà DAISY, tí ó ń jẹ́ kí olùgbọ́ máa rìn láti àkọlé sí àkọlé, láti ojú ìwé sí ojú ìwé. Ẹni tó bá sì ń ka ìwé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú àwòrán, nínú tábìlì, nínú máàpù. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà wà fún ìwé ẹ̀kọ́ náà, òfin ló là á sílẹ̀. Àdéhùn Marrakesh tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ó ní kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n lè sọ ìwé di Braille tàbí ohùn fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 2017, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun wa, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, sì ní àyè fún un. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè ló ń ṣe é, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ nìkan ni wọ́n á fún. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì báyìí. LibriVox ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, nítorí náà ìwé àtijọ́ nìkan ló lè wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ti ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀, nítorí náà ìwé tuntun lè wọlé. A nílò méjèèjì. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé òfin ti wà, ohùn kò tíì tó. Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè nílùú Èkó láti 1962, Federal Nigeria Society for the Blind, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, wà ní Òṣòdì, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì wà káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n nílò. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo: ẹ mú fáìlì tí ẹ ti kà sí LibriVox dání, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti mọṣẹ́.

Ti èdè Yorùbá tún ń ká mi lára. Ẹ̀rọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sókè lórí fóònù ti dára débi pé ọmọ lè fi gbọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìsí èmi. Bí ẹ bá fún un ní ojú ìwé Yorùbá kan, pàápàá èyí tí kò ní àmì ohùn, bí ará ìlú òkèèrè tó ń bú èèyàn ló ń dún. Ìwé Yorùbá àtijọ́ kò sì ní àmì ohùn tó pé. Òǹkàwé ló máa wo gbólóhùn náà, tó máa mọ ohun tí bàbá tó kọ ọ́ ń sọ, kó tó ya ẹnu. Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, akéwì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. LibriVox ń gba gbogbo èdè, ìyẹn sì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka Yorùbá á kàn ní láti wá Yorùbá mìíràn tó máa bá a gbọ́ ọ kó tó jáde, nítorí náà ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání wọlé.

Kí n má baà fi nǹkan pa mọ́ fún yín: ohùn tí ẹ bá fi sí LibriVox ti kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó gé e, kó fi sí fídíò, kó tilẹ̀ tà á, láìsọ fún yín. Àwọn fúnra wọn sọ ọ́ kedere fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Èmi gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí fún gbogbo èèyàn, ọmọ tí kò ní lẹ́tà dókítà kò ní rí i wọlé. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń kọ yín lóminú, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ni kí ẹ lọ tààrà, kí ẹ sì kà fún wọn lábẹ́ òfin tí mo sọ lókè yẹn.

Ẹni tí kò ní makirofóònù, tí ilé rẹ̀ wà létí títì tí mọ́tò kì í dákẹ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ ti fọ́, iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n ti kà tán máa ń dúró de ẹni tó máa gbọ́ ọ yẹ̀wò kó tó jáde, nítorí àwọn tó fẹ́ kà máa ń pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ gbọ́ lọ. Fóònù, ìpè etí kan, àti bébà tí ẹ ó máa kọ ìṣẹ́jú sí, ó tán. Ẹ lè ṣe é nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Mókọ́lá dé Ìwó Road.